Ìgbésẹ̀ Tí A Fò: Tíọ́rì Ìtàn, Òǹwòran àti Ètò Sinimá Ìfẹ́ ní Ìgbèríko Ìbàdàn

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni bí a ṣe lè fi tíọ́rì ìtàn àti tíọ́rì òǹwòran pète sinimá ìfẹ́ tí yóò gba ìgboro àti oko kan. A kò ní í sọ̀rọ̀ kámẹ́rà, a kò sì ní í sọ ti iná. Ètò tí à ń wí ni èyí tí ó yẹ kí ó ti parí lórí bébà kí òṣèré kankan tó wọ aṣọ eré. Àwọn òǹwòran tí a fojú sùn ni àwọn ará abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká: àwọn ará Mọníyà, Ìkéréku àti Ìjàyè ní Akínyẹlé, àwọn ará Lálúpọn, Èjìòkú àti Ìyànà Ọ̀fà ní Lágelú, àwọn ará Ẹ̀gbẹ́dá àti Ẹ̀rúnmu, àti àwọn ará Àkànrán, Bádékù àti Ajíà ní Ọ̀nà-Àrà.

Ẹnìkan lè béèrè ìdí tí a fi mú àwọn wọ̀nyí. Nígbà tí àwọn oníwèé ìròyìn bá kọ ọ́ pé sinimá kan pa owó, owó tíkẹ́ẹ̀tì ilé sinimá ni wọ́n ń kà. Báyìí ni a ṣe gbọ́ pé The Wedding Party tí Kẹ́mi Adétiba darí, tí ó jáde ní 2016, pa owó tí ó lé ní 400 mílíọ̀nù náírà, àti pé A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé, tí ó jáde ní ìparí 2023, ni ó kọ́kọ́ ré kọjá bílíọ̀nù kan náírà ní àwọn ilé sinimá Nàìjíríà. Kò sí ẹ̀tàn nínú ìṣirò wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó wo fíìmù lórí fóònù ọmọ rẹ̀ ní Bádékù, àti àwọn mẹ́fà tí wọ́n jọ wò ó ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Lálúpọn, kò sí nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni wọn yóò máa jiyàn lórí fíìmù náà fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ilé sinimá bá ti gbé e kúrò lójú pátákó.

Ìdí kejì kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Iṣẹ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama pín sí èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà. Lábẹ́ àṣà, akẹ́kọ̀ọ́ a to àwọn ìgbésẹ̀ inú ètò ìgbéyàwó lẹ́sẹẹsẹ. Lábẹ́ lítíréṣọ̀, a dárúkọ olú ẹ̀dá ìtàn, a sọ ìwà rẹ̀, a sì sọ ẹ̀kọ́ tí ó rí kọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó bi í léèrè ohun tí apá kìíní ń ṣe fún apá kejì. Èrò tiwa ni pé ohun tí ó wà lábẹ́ àṣà yẹn gan-an ni tíọ́rì ìtàn ìfẹ́ tí àwọn òǹwòran wa ń lò, kí Propp tó dé, àti lẹ́yìn tí ó dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ pète sinimá fún wọn ní láti ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Propp àti ètò ìgbéyàwó wa

Vladimir Propp, ará Rọ́ṣíà, tú ọgọ́rùn-ún àlọ́ onídán ilẹ̀ rẹ̀ palẹ̀ nínú ìwé tí ó ṣe ní 1928, tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1958. Ó rí i pé bí orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn ti lè yàtọ̀ tó, ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ, ipò tí wọ́n ń dì mú kò sì ju méje lọ: akọni, ọ̀tá, ẹni tí ó rán akọni níṣẹ́, olùrànlọ́wọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun méjì ni a fẹ́ mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èkínní ni pé a lè fo òmíràn nínú ohun mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà, ṣùgbọ́n ètò bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn kì í yí padà. Èkejì ni pé èyí tí ó gbẹ̀yìn nínú wọn ni ìgbéyàwó. Akọni ṣe iṣẹ́, ó jagun, wọ́n sì fún un ní ìyàwó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn.

Bí a bá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ètò tiwa, ìyàtọ̀ náà kò fara sin. Ìfojúsóde, ìwádìí, alárinà, ìjọ́hẹn, ìtọrọ, ìdána, ìgbéyàwó: ètò náà gùn ju èyí lọ lọ́wọ́ àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ nìyí. Ohun tí ó jẹ́ ìparí ìtàn fún Propp ni ó jẹ́ gbogbo ara ìtàn fún wa. Ẹ tún wò ó pé nínú àlọ́ Rọ́ṣíà, olùgbọ́ kì í bínú bí a bá fo ohun kan. Ìtàn náà á kàn kúrú ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ó fo ìgbésẹ̀ kan ti dá ìtàn sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn tí ó jókòó ni ó mọ ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, wọn yóò sì máa retí ibi tí àìsí rẹ̀ yóò ti jáde.

Ẹ̀rí wà nínú àlọ́ wa. Ta ni kò mọ àlọ́ ọmọbìnrin tí ó kọ gbogbo ọkọ, tí ó wá rí arẹwà ọkùnrin kan lọ́jà tí ó sì tẹ̀ lé e lọ? Bí wọ́n ti ń wọ inú igbó ni ọkùnrin náà ń dá ẹsẹ̀, apá àti ara tí ó yá padà fún àwọn tí ó ni wọ́n, títí ó fi ku agbárí. Amos Tutuola lo àlọ́ yìí nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1952, àwọn òyìnbó sì ń yìn ín bí ẹni pé láti inú àlá òǹkọ̀wé náà ni ó ti wá. Fún ìyá àgbà tí ó ń pa á ní ìrọ̀lẹ́ ní Ìkéréku, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: wọn kò ṣe ìwádìí. Ẹwà ara ni ìfojúsóde rí. Ìwádìí ni yóò béèrè ẹni tí ó ni ẹsẹ̀.

Ní àyíká Ìbàdàn, ìgbésẹ̀ yìí ní ìrìnàjò nínú. Ará oko Ìbàdàn tí ń gbé abúlé láti ìgbà bàbá bàbá rẹ̀ ṣì ní agbo ilé ní ìgboro. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe òkú àti ọdún, ibẹ̀ sì ni oríkì rẹ̀ wà. Nítorí náà, bí ọmọ abúlé kan ní ọ̀nà Mọníyà bá fẹ́ ọmọ abúlé kan ní ọ̀nà Àkànrán, abúlé nìkan kọ́ ni wọn yóò ti bèèrè. Ẹnìkan yóò wọ ìgboro lọ, yóò jókòó sí ìloro agbo ilé, yóò fi ọgbọ́n bèèrè àrùn, gbèsè, ìjà àti bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń gbé ilé ọkọ. Propp sọ pé akọni ni ó ń kúrò nílé lọ sí ìrìnàjò. Nínú ìtàn ìfẹ́ tiwa, olùwádìí ni ó ń rìn. A kò tíì rí sinimá tí ó fi gbogbo ara tẹ̀ lé obìnrin olùwádìí bẹ́ẹ̀ láti oko dé ìgboro, ó sì yà wá lẹ́nu.

Sinimá mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo àwọn iṣẹ́ tí a mọ̀. Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn àròsọ ní 1974; Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù àgbéléwò ní 1997. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní ọdún ìparí ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni ìyá rẹ̀ ń yọ lẹ́nu pé kí ó mú ìyàwó wá kí ó tó jáde. Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé ni ó sì kó ọkàn rẹ̀ sí láàárín.

Bí a bá fi Propp wò ó, iṣẹ́ dé bá wa. A rí ẹni tí ó rán akọni níṣẹ́: ìyá Àjàní ni. Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀tá? Ó ṣòro láti na ìka sí ẹnìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ́ pé ìtàn gbọ́dọ̀ ní ọ̀tá a máa fi tipátipá mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà joyè yìí, olùkọ́ a sì máa gbà á fún wọn. A rò pé kò tọ́. Ohun tí ó ń lé ìtàn náà lọ ni pé Àjàní fi ojú ara rẹ̀ sóde lẹ́ẹ̀mẹta láìjẹ́ pé ó pa ìlẹ̀kùn kankan dé. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò gẹ́gẹ́ bí ìyá ti í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbà yunifásítì kì í ṣe agbo ilé. Kò sí ìloro tí olùwádìí lè jókòó sí. Ìwádìí bọ́ sọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti lọ kò lè ṣe ìwádìí. Níbi yìí ni Ìṣọ̀lá ti rí ìgbà tirẹ̀ kedere: àwọn ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ yunifásítì ń fẹ́ ìyàwó pẹ̀lú ìdajì ètò.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé aṣọ ni ó gbé fíìmù náà dé ibi tí ó dé, nítorí pé ìró kúkúrú àti bùbá tí àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀ wọ̀ padà di àṣà, tí wọ́n sì ń pè é ní Oleku títí di òní. Òtítọ́ ni pé aṣọ náà tà. Ṣùgbọ́n aṣọ kì í mú ènìyàn jiyàn. Ohun tí àwọn tí wọ́n wò ó ń bá ara wọn fà ni èwo nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó yẹ kí Àjàní fẹ́, àti bóyá ìyá rẹ̀ ni ó kó o sí wàhálà. Kò sí ìdáhùn kan ṣoṣo, ìwé náà kò sì fún wa ní ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí fíìmù 1997 fi rí òǹwòran fún ìwé tí ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún nílẹ̀.

The Wedding Party kò ní í gbà wá ní àkókò púpọ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni gbogbo rẹ̀: ọmọ Yorùbá ń fẹ́ ọmọ Ìgbò ní Èkó, àwọn òbí wọn kò sì fẹ́ràn ara wọn. Wọ́n ti dé ìgbésẹ̀ ìkẹyìn, ohun tí ó yẹ kí ìwádìí ti mọ̀ sì ń tú jáde ní ojú agbo. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ṣe é, ó sì pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Níwọ̀n bí gbogbo àléébù ti dé lẹ́yìn tí àsè ti délẹ̀, kò sí ohun púpọ̀ tí ó lè bàjẹ́, òǹwòran sì mọ̀.

Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, tí ó jáde lórí Netflix ní ọjọ́ 30 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2022, ni ó tọ́ sí àlàyé. (Bàbá Kúnlé, Adé Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love, ni ó kópa nínú Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun ṣe ní 1976, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn sinimá àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìtàn sinimá wa lè rí ìran méjì nínú ilé kan ṣoṣo.) Sàró, ahunṣọ, dé sí Ọ̀yọ́ láti wá ọrọ̀. Ó bá obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ó ń jẹ́ Awárun dòwò pọ̀, ọkàn rẹ̀ sì wá fà mọ́ Arólákẹ́, olorì Aláàfin. Wọ́n lù ú pa. Ẹyẹ àkàlà jí i dìde. Arólákẹ́ sì gba ohun tí ẹyẹ náà fi ń jí òkú. Àwọn méjèèjì sá lọ sí ìlú mìíràn, níbi tí Sàró ti di olókìkí, tí ó kó ìyàwó jọ, tí ó sì gbàgbé ẹni tí ó fún un ní agbára.

Ẹ fi ètò ìgbéyàwó wò ó. Lórí Arólákẹ́ àti ọba, a lè gbà pé gbogbo ètò pé, àyàfi ọ̀kan: ohun tí a rí nínú ìwà rẹ̀ láàfin kò jọ ti ẹni tí ó fi ọkàn jẹ́ hẹn-ẹn. Lórí Arólákẹ́ àti Sàró, òdìkejì rẹ̀ ni: ìjọ́hẹn nìkan ni ó wà, kò sí ìtọrọ, kò sí ìdána, kò sí ẹni tí ó mọ ilé tí Sàró ti wá. Lẹ́yìn náà ni èyí tí ó lágbára jù. Nígbà tí ọmọ ọba kú, Sàró ní kí wọ́n fún òun ní ọmọbìnrin ọba kí òun tó jí i. Ìdána ni a dojú rẹ̀ bolẹ̀ yìí. Ẹni tí ó yẹ kí ó wá pẹ̀lú ẹrù, kí ó dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn àna, ni ó jókòó tí ó ń fi òkú ọmọ díye lé ìyàwó. Òǹwòran tí ó ti jókòó níbi ìdána rí kò nílò ẹnikẹ́ni kí ó tó mọ̀ pé ọkùnrin yìí ti parun. A gbà pé fíìmù náà gùn ju bí ó ti yẹ lọ ní àárín, àti pé àwọn ìyàwó tí Sàró fẹ́ lẹ́yìn kò rí ara wọn ní ẹ̀dá ìtàn tó. Ṣùgbọ́n ibi ìdána tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀ yìí ni ògo iṣẹ́ náà.

Òǹwòran

Stuart Hall ní Birmingham sọ ní 1973 pé ìtumọ̀ tí aṣètò fi sínú eré àti èyí tí òǹwòran fà yọ kì í ṣe ọ̀kan náà nígbà gbogbo. Òǹwòran lè gba ìtumọ̀ tí wọ́n fún un. Ó lè gba apá kan kí ó sì bá wọn dúnàádúrà lórí ìyókù. Ó sì lè kọ̀ ọ́ pátápátá. Ìlànà yìí wúlò, ṣùgbọ́n ohun tí Hall fi ṣàlàyé ibi tí òǹwòran dúró sí jù ni ipò rẹ̀ láàárín olówó àti tálákà, ọ̀gá àti òṣìṣẹ́. Ní abúlé tí à ń wí, ipò tí ènìyàn wà nínú ètò ìgbéyàwó ni ó kọ́kọ́ ń pinnu. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọn kò tíì tọrọ di ìjọ́hẹn mú, nítorí pé òun nìkan ni agbára tí ó ní. Ìyá tí ó ní ọmọkùnrin di ìwádìí mú. Bàbá àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ìtọrọ mú: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀ fún wọn. Nígbà tí àwọn mẹ́ta yìí bá wo Arólákẹ́ pọ̀, èkínní yóò gbèjà rẹ̀, ìkẹta yóò dá a lẹ́bi, èkejì yóò béèrè ìdí tí ó fi tẹ̀ lé àjèjì. Gbogbo wọn ni ó ka fíìmù náà dáadáa.

Janice Radway, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde ní 1984 lórí àwọn obìnrin ìlú kan tí wọ́n ń ka ìwé ìfẹ́ ní àkàtúnkà. Kò jókòó sí yàrá rẹ̀ kí ó máa sọ ohun tí ìwé ìfẹ́ ń ṣe fún obìnrin. Ó lọ bá wọn, ó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn kò lè fara mọ́. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n sì fẹ́ kí ìparí rẹ̀ dùn. Bí a bá ṣe irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀rúnmu, a kò rò pé ìparí dídùn ni yóò ṣáájú. Àwọn òǹwòran wa máa ń fara da ikú olólùfẹ́, wọn kì í fara da ìparí tí kò ṣe ẹ̀tọ́ fún ẹni tí ó tẹ̀ lé ètò.

Karin Barber, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ tí ó sì bá ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí rin ìrìnàjò, fi hàn nínú ìwé tí ó ṣe ní 2000 pé eré alárìnjò máa ń dàgbà láti ìlú dé ìlú, nítorí pé àwọn òṣèré ń gbọ́ ohun tí òǹwòran ń sọ, wọ́n sì ń fi kún un. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún aṣètò sinimá, nítorí pé sinimá kò lè gbọ́ràn mọ́ nígbà tí a bá ti yà á tán. Gbogbo ohun tí Adéjọbí lè tún ṣe ní ìlú kejì, ẹni tí ó ń ṣe sinimá ní láti rí i ṣáájú. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé àríyànjiyàn ni kí ó kọ́kọ́ pète, kí ó tó pète ìparí.

Ẹnìkan lè takò wá níhìn-ín pé àwọn ọ̀dọ́ kò tẹ̀ lé ètò yìí mọ́. Wọ́n ń pàdé lórí fóònù, oyún ń ṣáájú ìtọrọ, àwọn mìíràn so yìgì tàbí ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì kí bàbá ọmọ tó mọ ojú àna. Bẹ́ẹ̀ ni. Ètò tí ó wà nínú ìwé wa pàápàá mọ́ ju bí àwọn bàbá wa ti ṣe é lọ. Wọ́n a máa gbé ẹsẹ̀ lé ọmọ ọwọ́, wọ́n a máa ṣú opó, kò sì sí ìjọ́hẹn tòótọ́ nínú èyí. Ṣùgbọ́n àtakò yìí ń ti ọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn ni. Bí àwọn ènìyàn bá ń fo ìgbésẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, tí wọ́n sì ṣì mọ orúkọ ohun tí wọ́n fò, ìtàn ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ohun tí ìwádìí jẹ́ mọ́ ni irú sinimá yìí yóò kú. Láti ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ náà kò tíì dé.

Ètò kan

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà jẹ́ ti ẹnu lásán, ẹ jẹ́ kí a gbé ètò kan kalẹ̀. Ọ̀nà-Àrà ni ibùdó ìtàn, ní 1969, nígbà ogun Àgbẹ́kọ̀yà. Àkànrán jẹ́ odi àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n kọ owó orí nígbà náà. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún náà ni wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, tí wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Ní oṣù Ọkitóbà, lẹ́yìn tí Awólọ́wọ̀ ti dá sí i, ìjọba dín owó orí kù sí £2.

Ọmọ ìkọ̀wé kan, ará Ẹ̀rúnmu, ń bá ọ̀gá rẹ̀ ra kòkó kiri; òun ni ó ń di òṣùwọ̀n mú. Ó rí ọmọ àgbẹ̀ kan ní ọjà Àkànrán. Ọmọ náà jẹ́ hẹn-ẹn. Ìyá rẹ̀ rán obìnrin kan lọ sí ìgboro láti ṣe ìwádìí, obìnrin náà sì mú èsì rere bọ̀ nípa agbo ilé ọkùnrin. Ó sọ fún ìyá nìkan pé àwọn àgbẹ̀ ń ráhùn sí òṣùwọ̀n ọ̀gá ọmọ náà. Ìyá pa á mọ́ra. Nígbà tí ọjọ́ ìtọrọ fi máa pé, bàbá ọmọ ti wà nínú igbó pẹ̀lú àwọn Àgbẹ́kọ̀yà, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó sùn. Àbúrò rẹ̀ jókòó ní ipò rẹ̀. Ó gba ìtọrọ, ó gba ìdána, ó sì ná owó náà láti fi bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n gbé ìyàwó lọ. Ní Ọkitóbà, bàbá jáde láti inú igbó, owó orí ti wálẹ̀, kòkó ti ń pọ́n. Ó bèèrè ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní ó wà nílé ọkọ, lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń di òṣùwọ̀n mú. Ó ní òun kò fún ẹnikẹ́ni lọ́mọ.

Ṣé ìyàwó ni, àbí kì í ṣe ìyàwó? A kò ní ọ̀tá, a kò sì nílò rẹ̀. Akódà àti ọlọ́pàá wà lẹ́yìn pápá ni. Ìgbésẹ̀ kankan kò sí tí a kò ṣe, ẹni tí ó ni ìgbésẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Todorov, tí ó ní ìtàn máa ń ti inú àlàáfíà bọ́ sínú rúkèrúdò kí ó tó padà sí àlàáfíà mìíràn, yóò rí i pé ìpínlẹ̀ ti rí àlàáfíà rẹ̀ ní Ọkitóbà, ilé yìí kò tíì rí tirẹ̀. Àwọn àgbà ọkùnrin ní ìdí ìtẹ̀ yóò dúró ti bàbá. Àwọn kan nínú wọn yóò sọ pé àbúrò ẹni kò yàtọ̀ sí ẹni, wọn yóò sì bi í bóyá ó fẹ́ kí ebi pa àwọn ọmọ. Àwọn ìyá yóò mọ̀ pé ìyá ni ó pa ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n mọ́ra, ohùn wọn yóò sì rọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin yóò béèrè ìdí tí kò fi sí ẹni tí ó bi ìyàwó fúnra rẹ̀.

Bí ó ṣe máa parí kò fi bẹ́ẹ̀ dà wá láàmú, bí kò bá ti dá bàbá tàbí ọmọ láre pátápátá. Ohun tí aṣètò kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó jẹ́ kí ọmọ ìkọ̀wé náà jẹ́ olè òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Ní kété tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ti rí ọ̀tá Propp, àríyànjiyàn ti tán, àwọn ará Bádékù yóò sì yí fíìmù mìíràn sí i.

Lọ́wọ́ olùdánwò

Ohun tí èyí béèrè lọ́wọ́ wa kò pọ̀. Dípò kí a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ to ìgbésẹ̀ ìgbéyàwó sí apá kan kí ó sì dárúkọ olú ẹ̀dá ìtàn sí apá kejì, a lè béèrè báyìí: mú ìgbésẹ̀ kan nínú ètò ìgbéyàwó tí wọ́n fò tàbí tí wọ́n yí padà nínú ìwé tí o kà, kí o sì sọ ẹni tí ó ṣe lóore àti ẹni tí ó pa lára. Bí ó bá jẹ́ máàkì ogún, kí a fi mẹ́rin sílẹ̀ fún orúkọ ìgbésẹ̀ náà àti ipò rẹ̀ nínú ètò, mẹ́fà fún ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ìwé, àti mẹ́wàá fún àríyànjiyàn. Ẹni tí ó gbèjà Àjàní àti ẹni tí ó bu ẹnu àtẹ́ lù ú lè gba mẹ́wàá náà bákan náà. Àwọn olùdánwò kan yóò sọ pé èyí yóò ṣòro láti máàkì nígbà tí ìwé ìdáhùn bá pọ̀ nílẹ̀. Yóò ṣòro lóòótọ́, pàápàá ní ọdún àkọ́kọ́. A sì dábàá pé kí olùdánwò méjì máa kọ́kọ́ ka ìwé mẹ́wàá kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n fi máàkì wọn wéra, kí wọ́n tó pín ìyókù.